Fi Apá Rẹ̀ Sílẹ̀

"Ẹyin ni kí o kọ́kọ́ yà," ni Tíṣà Olmedo wí,
"ẹyin kan, kó tẹ̀ síwájú díẹ̀
bí ẹni tó ń yọjú lójú fèrèsé.
Má tẹ pẹ́ńsùlù mọ́lẹ̀.
Ẹyẹ yìí kò wúwo tó owó ẹyọ kan,
ìwọ náà má di ẹrù lé e lórí."

Kinti là ń yà, bí àwọn ìyá wa ti ń pè é,
ẹyẹ tí í dúró sínú afẹ́fẹ́ mu omi òdòdó.
Gbọ̀ngán ìjọ ni, ní Cayambe, lálẹ́ Ọjọ́bọ̀,
lábẹ́ òkè tí yìnyín kì í kúrò lórí rẹ̀.
Mẹ́fà ni wá. Èmi Tránsito Farinango ni mo dàgbà jù.
Ọdún mọ́kànlélógún ni mo ti ń gé róòsì
tí ọkọ̀ òfurufú ń kó lọ fún àwọn obìnrin tí n kò mọ̀.
Ẹ̀gún ti kọ̀wé sí mi lọ́wọ́ kí n tó mú pẹ́ńsùlù.

Ẹyin kékeré fún orí. Lẹ́yìn náà, àgógó:
ìlà kan gbọọrọ, bí abẹ́rẹ́ tí òwú ti bọ́ lójú rẹ̀.
Tèmi wọ́.
Rumiñahui, ọmọ ọdún mẹ́tàlá tó jókòó tì mí,
rẹ́rìn-ín títí ó fi hu ikọ́.
"Màmá Tránsito, adìẹ lẹ yà."
Mo fi rọ́bà pa á rẹ́. Adìẹ náà kò lọ,
ó kàn ń sanra sí i.

"Apá rẹ̀ ńkọ́?"
Tíṣà bọ́ awò ojú, ó fi etí ẹ̀wù nù ún.
"Ta ló rí i rí?
Ohun tí ojú ò bá tó, kí ọwọ́ má purọ́ rẹ̀.
Fi ibẹ̀ sílẹ̀ ní funfun."
Inú bí mi. Ṣé torí ìwé òfìfo
ni mo ṣe san dọ́là méjì?

Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, aago márùn-ún ìdájí,
mo bá ọ̀kan nínú ilé ọ̀rá, lórí wáyà,
kò ju àtàǹpàkò mi lọ,
ojú dì, ara tutù bí òkúta odò.
Ó ti gba ihò ọ̀rá wọlé lánàá,
ó ti yẹ òdòdó ẹgbàá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún wò,
kò rí oyin tó kún ojú abẹ́rẹ́.
Róòsì tiwa, ojú nìkan ló wà fún.

Mo ní ó ti kú. Mo ṣe "ó mà ṣe o."
Ohun tí mo rò tẹ̀ lé e ló tì mí lójú:
ó dúró jẹ́ẹ́. Ó dúró jẹ́ẹ́ wàyí.
Mo fa páálí ya, mo yọ bírò tí mo fi ń ka ìdì.
Ẹyin. Ẹyin kékeré. Abẹ́rẹ́.
Ẹsẹ̀! Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ó lẹ́sẹ̀,
tín-ín-rín, ó fi di wáyà mú
bí ọmọ tó sùn ṣe ń di ìka ìyá rẹ̀ mú.
Ọ̀fun rẹ̀ dúdú. Mo yí orí, ó di ewé.
Mo tún yí i, ó di iná.
Bírò búlúù kan ṣoṣo ni mo ní.
Apá ló kù, ó pa á mọ́ra bí ẹni kó ọwọ́ sínú ṣọ́ọ̀lù.
N ó yà á, kí ojú Tíṣà lè là.

Oòrùn kan ọ̀rá.
Àyà rẹ̀ mì lẹ́ẹ̀kan. Ó dúró. Ó tún mì,
bí ọmọrí ìkòkò tí omi rẹ̀ fẹ́ hó.
Mo po ṣúgà kọfí mi mọ́ omi nínú ìdérí ìgò,
mo gbé e sún mọ́ ọn. Ahọ́n kan yọ,
ó gùn ju ohun tí mo rò lọ.
N kò rí ìgbà tó lọ. Wáyà ló ń mì.

Lọ́jọ́bọ̀ mo gbé páálí lọ.
Ẹyin méjì, ìlà kan, ẹsẹ̀ kan ààbọ̀,
ibi tí apá ìbá wà, àwọ̀ páálí lásán.
Tíṣà wò ó pẹ́. "Ìwọ lo fi ibẹ̀ sílẹ̀?"
"Òun ló fi í sílẹ̀."
Rumiñahui na ọrùn, kò rẹ́rìn-ín.
"Màmá," ó ní, "adìẹ yín ti fò o."