Aṣọ Funfun Méjì

Ní Ìlàjẹ, ní Bárígà, lẹ́yìn tí òjò àárọ̀ dá,
Hùnsù ti ọ̀kadà rẹ̀ wá, kò gùn ún.
Ó ní, "Ráfátù, ó ń ké."
"Ó ń ké báwo?"
"Bí ẹni tó ń jẹ iyanrìn."

Mo gbé abọ́ sábẹ́ ẹ́ńjìnnì, mo tú nọ́ọ̀tì ìdí rẹ̀.
Ọ́ìlì tú jáde, ó dúdú bí omi ọ̀sà lóru,
ṣùgbọ́n nígbà tí oòrùn kàn án,
ohun wínníwínní kan ń kọ mọ̀nà nínú rẹ̀ bí ìpẹ́.
Hùnsù rí i, ẹnu rẹ̀ gbẹ.
Ọmọ apẹja ni, ó mọ ìpẹ́ níbi tó bá ti rí i.
Kò sí ẹja nínú ẹ́ńjìnnì.

Èérún irin tó kúnná bí àtíkè,
tó lẹ̀ mọ́ òòfà bí irun ológbò,
ìyẹn kì í ṣe àìsàn, ọjọ́ orí ni.
Èyí tó bá rí bí èékánná tí a gé, tó le, tó nígun,
eyín géà ló kán. Má tan ẹ́ńjìnnì náà mọ́.
Èyí tó funfun, tó fúyẹ́,
tí òòfà pè tí kò dáhùn,
ara píísìtìn ni, tàbí ara ilé tó ń gbé.
Idẹ náà ń bẹ. Ti idẹ gùn, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀.

Inú sípíkà rédíò ìyá mi ni mo ti yọ òòfà mi
lọ́dún tí rédíò náà yadi.
Mo fi aṣọ funfun sẹ́ ọ́ìlì náà, mo da bẹntiróòlù lé e,
mo rán òòfà níṣẹ́.
Díẹ̀ ló mú bọ̀.
Ìyókù sùn sílẹ̀ lórí aṣọ, ó funfun, ó pọ́n rúsúrúsú, kò mira.

Hùnsù ń ka owó lọ́kàn, mo ń gbọ́ ọ:
owó ilé ìwé Sẹ́nàmi, gbèsè ọ̀kadà tó ku oṣù mẹ́rin.
Èmi náà ń ka tèmi, kí n má purọ́:
píísìtìn, gásíkẹ́ẹ̀tì, owó iṣẹ́ ọjọ́ méjì.
Sípánà ti wà lọ́wọ́ mi.

Ọ̀gá Mùráínà, tí ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì ti ń funfun,
jókòó sórí táyà, kò tíì sọ̀rọ̀ láti àárọ̀.
Ó na ọwọ́. Mo fi ọ́ìlì náà kàn án níka.
Ó fi àtàǹpàkò lọ̀ ọ́, ó lọ̀ ọ́, ó gbọ́ òórùn rẹ̀.
"Ìgbà wo lo pààrọ̀ rẹ̀?"
"Ọjọ́ Àìkú, Ọ̀gá."
"Ta ló tà á fún ẹ?"
Hùnsù juwọ́ bí ẹni tó ń lé eṣinṣin.
Kẹ́ẹ̀gì ni, lábẹ́ afárá. Ó dínwó.
Ó ṣì ku díẹ̀ nínú ike.
"Gbé e wá."

A sẹ́ èyí tí kò tíì wọ ẹ́ńjìnnì kankan,
àbí kí n ní, tí kò tíì wọ tiẹ̀.
Lórí aṣọ kejì: ìpẹ́.
Ẹ́ńjìnnì ta nìyí? Jẹnẹrétọ̀ wo ló kú ní àdúgbò wo
tí wọ́n gbọn ún sínú kẹ́ẹ̀gì, tí wọ́n tún un sè,
tí wọ́n lẹ bébà pupa mọ́ ọn?
Òkú olókùú ni Hùnsù ń gbé kiri Ṣómólú láti ọjọ́ Àìkú.

Mo dá sípánà padà sínú àpótí. Ó wúwo.
Mo fọ inú ẹ́ńjìnnì lẹ́ẹ̀mejì, mo da ọ́ìlì tuntun sí i.
Hùnsù tàn án. Ó ń ké síbẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn náà ti rọlẹ̀
bí ọmọ tó sunkún títí tó fi ń tòògbé.
Hùnsù rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá kò rẹ́rìn-ín.
"Èyí tó ti jẹ, kò ní í pọ̀ ọ́. Padà wá lọ́jọ́ Ẹtì."

Ó ti lọ kí n tó nu òòfà.
Láàrin irun ológbò náà, ẹyọ kan:
ó le, ó nígun, kò tó èékánná ọmọ ọwọ́.
Mo wò ó lórí aṣọ kejì. Kò ní ẹlẹgbẹ́ níbẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì lónìí. Mo ń fetí sílẹ̀.
Ọ̀kadà pọ̀ ní Bárígà.
Kò tíì sí èyí tó ń jẹ iyanrìn.