Ohun Tí Ẹ̀jẹ̀ Kò Gbàgbé

Ọdún àkọ́kọ́, wọn ò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ẹ̀jẹ̀.
Omi aláwọ̀ ni Vaike gbé síwájú mi,
ó ní kí n máa fà á, kí n máa tú u,
ẹ̀kán kan, ìdajì ẹ̀kán,
títí àtàńpàkò mi fi wú.
Ìdákẹ́jẹ́ ni ìtumọ̀ Vaike ní èdè wa,
orúkọ sì ro ó.
Ọgbọ̀n ọdún nídìí tábìlì kan, kò gboyè kankan,
ṣùgbọ́n Ọ̀jọ̀gbọ́n Kõivistik kì í tan ẹ̀rọ
kó tó wo ojú rẹ̀.

Erékùṣù Kihnu ni mo ti wá sí Tartu.
Bí òkun bá dì, orí yìnyín ni ọkọ̀ wa ń gbà,
a kì í de bẹ́líìtì níbẹ̀:
bí yìnyín bá là, ẹni tó de ara rẹ̀ ló ń bá a lọ.
Ìyá àgbà rò pé ilé ìwòsàn ni mo wà.
"Leelo, ta lo wò sàn lónìí?"
Mo ní, Màmá, sẹ́ẹ̀lì ni mo kà.
"O kà á ṣe kí ni?"
Ẹnu mi wọhò.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, aago mẹ́jọ, ẹ̀jẹ̀ dé.
Kò lórúkọ. Mẹ́rin, ọ̀kan, méje ni wọ́n ń pè é.
Ó ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́ ní àtẹ́lẹwọ́ mi.
Ọkùnrin, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin.
Fọ́ọ̀mù bi í: ṣé èéyí mú yín rí ní kékeré?
Ó fi bírò kọ ọ́ gbọ̀ngbọ̀n: Mi ò rántí.

Mo fi ẹ̀rọ yí i.
Pupa rì sísàlẹ̀, omi rẹ́súrẹ́sú léfòó,
láàárín wọn, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́
bí ìkuukùu àárọ̀ lórí odò Emajõgi,
àwọn funfun tí à ń wá.
Mo fọ̀ wọ́n, mo kó wọn pàdé èéyí tó ti kú,
mo sì lọ jẹ búrẹ́dì dúdú mi.

Ní ọjọ́ kẹfà mo wo inú awò:
wọ́n ti bí sí i, wọ́n ti ṣù jọ,
wọ́n ti dìde ogun!
Ó lé ní àádọ́rin ọdún,
wọ́n ṣì mọ ojú ọ̀tá
tí ẹni tó ni wọ́n ti gbàgbé.
Inú mi dùn débi pé mo sáré kọ lébẹ́ẹ̀lì.

Lẹ́tà mẹ́rin péré ni wọ́n fi kọ gbogbo wa.
Lóṣù kejì, wọ́n kún ojú kọ̀ǹpútà mi
ní ìlà-ìlà, bí yẹ̀rì Ìyá àgbà,
tó ń pọ́n nígbà ayọ̀, tó ń dúdú nígbà ọ̀fọ̀.
Mo ń rẹ́rìn-ín.
Vaike na ìka sí ìlà kan.
"Ọkùnrin yín yìí, obìnrin ni."

Ìbá sàn kó pariwo.

Mẹ́rin, ọ̀kan, méje. Mẹ́rin, méje, ọ̀kan.
Ọwọ́ mi ló pààrọ̀ wọn.
Kí n tó dé ẹnu ọ̀nà Ọ̀jọ̀gbọ́n
mo ti hun irọ́ mẹ́ta, mo ti tú wọn.
Ó ní, "Mélòó?"
Méjì.
"Ó dá ọ lójú?"
Rárá.
"Lọ yẹ gbogbo rẹ̀ wò."
Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, igba ìgò ó lé méjìlá,
òtútù fìrísà ń bó ìka mi.
Méjì náà ni lóòótọ́.
Vaike dúró tì mí nígbà tí mo ń dà wọ́n nù.
"Èmi," ó ní, "odidi fìrísà ni tèmi."
Ọ̀rọ̀ tó sọ lọ́jọ́ náà tán nìyẹn.

A ránṣẹ́ bẹ bàbá náà pé kó tún wá.
Ó wá. Nọ́ọ̀sì ní ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè fúnra rẹ̀,
ó ní inú òun dùn láti ṣèrànwọ́,
òun ò dé ibí yìí rí.

Aago mẹ́jọ, ìgò náà lọ́wọ́ọ́wọ́.
Mo mú bírò. Mo ka á sókè sí etí Vaike,
lọ́kọ̀ọ̀kan.
Mẹ́rin.
Ọ̀kan.
Ó mi orí, ó ń dúró de èyí tó kù.