Ilé Wọ́n Ju Ayálégbé Lọ

"Ọ̀kun" là ń kí ara wa l'Ẹ́jìbà,
a ò sì ní òkun.
Kámpè la ní, odò tí wọ́n fi kọnkéré sé lọ́nà.
Abẹ́ rẹ̀ ni mo fẹ́ yà ní fídíò.

Ọbáníyì ní Kábà kó kámẹ́rà mẹ́ta síwájú mi.
Èyí tó ń dán, owó rẹ̀ tó owó ọ̀kadà.
Èkejì, ojú rẹ̀ ti sán,
"ṣùgbọ́n ó ṣì ń ríran," ó búra.
Mo mú ẹ̀kẹta, kékeré bí páálí ìṣáná,
ọ̀kẹ́ méjì náírà.
Ilé rẹ̀ tómi ò gbọdọ̀ wọ̀ ńkọ́?
Ọ̀kẹ́ mẹ́ta.
Kò yà mí lẹ́nu, mo ti háyà yàrá ní Lọ́kọ́ja rí.

Mi ò kánjú.
Tíṣù ni mo kọ́kọ́ fi ṣe ayálégbé,
mo dè é mọ́ òkúta, mo rì í sínú kànga ìyá Ọmọníwà.
Ó ní ṣé òògùn ni.
Nígbà tí mo fà á jáde, igun kan tutù:
irun orí mi ló há mọ́ rọ́bà etí ilẹ̀kùn.
Irun kan péré!
Mo nù ún, mo fi gíríìsì pa á, mo tún rì í.
Ó gbẹ bí ọyẹ́.

Láàárọ̀ àná mo wọ Kámpè.
Omi aláwọ̀ ẹrẹ̀ ni mo yà, àti ẹsẹ̀ ara mi.
Àfìgbà tí epìyà kan dúró, ó lanu,
gbogbo ọmọ rẹ̀ rọ́ wọlé,
kò sí rọ́bà, kò sí gíríìsì.
Bátìrì kú.