Òkè Tí Kò Lọ́nà

Aago mẹ́fà àárọ̀, a ti pé mẹ́jọ lẹ́yìn ilé Hollis Trask,
ẹni tó ń kó yìnyín kúrò lójú títì
láti ogún ọdún sẹ́yìn, tí kò tíì sú u.
Ó wò wá lẹ́sẹ̀ bí olùkọ́ tó ń wo èékánná ọmọdé.
"Bàtà rẹ dà?"
A gbé e sókè: bàtà fífẹ̀ bí atẹ,
okùn ni wọ́n fi hun ún, ó ní eyín irin nísàlẹ̀.
Ẹni bá wọ̀ ọ́ kò lè rìn bí ọmọge;
á ya ẹsẹ̀ bí pẹ́pẹ́yẹ, á gbàgbé ìtìjú.

Òkè náà dúró, kò kí ẹnikẹ́ni.
Kò sẹ́ni tó la ọ̀nà sí i rí,
kò sí àmì lára igi, kò sí pátákó.
Máàpù kan, kọ́ńpáàsì kan,
àti Verna Lachance,
tó wa bọ́ọ̀sì ọmọléèwé títí tó fi fẹ̀yìn tì,
tó ní etí ọ̀tún òun a máa yún òun
bí òun bá ti kọjú sí àríwá.

Ẹni iwájú ló ń jìyà.
Òun ló ń rì dé orúnkún, tó ń fà á yọ, tó tún ń rì.
Igba ìṣísẹ̀, ó tó.
Á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, àwa yòókù á kọjá,
á wá tò sẹ́yìn pátápátá, níbi tí ilẹ̀ ti le.
Báyìí la ṣe ń pín òkè jẹ.
Àfi Desmarais, ọmọ ogún ọdún, tí kò fẹ́ yà.
"Ó kù díẹ̀," ló ń wí. "Ó kù díẹ̀."
A fi í sílẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló máa bá a sọ̀rọ̀.

Àwọn àgbà ní ará iwájú tó jìn sí kòtò,
ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n.
Àwọn àgbà ò gun òkè yìí.
Níbí, igi kékeré a máa dúró lábẹ́ yìnyín
pẹ̀lú ihò lábẹ́ apá rẹ̀;
ará iwájú á kọjá, ará kejì á kọjá,
ẹnì keje ni ilẹ̀ máa gbé mì.
Èmi ni ẹnì keje.
Mo wà lókè, mo ń ronú nípa ẹyin díndín;
mo wà nísàlẹ̀, yìnyín dé àyà mi,
òórùn ewé igi kún imú mi bí ọṣẹ ìfọlẹ̀.
N kò pariwo. Irú ìdákẹ́jẹ́ tó wà nínú ihò yẹn,
n kò gbọ́ ọ rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi.
Hollis dojú bolẹ̀, ó na ọ̀pá sí mi.
Verna ní, "Má kánjú. Jẹ́ kó sinmi."

Ọ̀sán pọ́n, a dé ṣóńṣó, a dì mọ́ra wa, a ya fọ́tò.
Hollis wo kọ́ńpáàsì.
"Kì í ṣe ibí."
Òkè gidi wà lọ́hùn-ún, lẹ́yìn kòtò tó kún fún igi.
Kò sẹ́ni tó fèsì. Winifred yọ ṣokoléètì,
ó ti dì bí òkúta, a fi èrìgì fọ́ ọ, a tún gbéra.

Wákàtí kan sí i. Agolo kan rèé, wọ́n so ó mọ́ igi,
ìwé pélébé wà nínú rẹ̀ fún orúkọ ẹni tó bá dé.
Bírò ti dì. Ó fa ìlà tí kò láwọ̀.
Verna gbà á, ó fi há abíyá,
ó dúró bí aláìsàn tí wọ́n ń wọn ibà rẹ̀ wò,
a dúró yí i ká.
Bírò jí. Ó kọ orúkọ mẹ́ta, ó tún kú:
Desmarais, nítorí ojú kòkòrò rẹ̀;
Winifred, nítorí ṣokoléètì;
èmi, nítorí ihò.
Verna kò sọ nǹkan kan. Ó rọra dé agolo.

A tọ ipasẹ̀ ara wa padà.
Yìnyín mìíràn ti ń bọ́ sínú rẹ̀, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.
Alẹ́ lẹ́, mo bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà,
mo wọ ilé ìdáná Hollis lọ bu ọbẹ̀ ẹ̀wà;
mo ṣì ń rìn bí pẹ́pẹ́yẹ.