Òòrùn Kò Wọ̀, Ọmọ Kò Sùn

Lọ́jọ́ tí ilé-ìwé parí, Sátidé ni,
olùkọ́ àwọn ọmọ mi bọ̀ mí lọ́wọ́, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.
N kò mọ ìtumọ̀ ẹ̀rín yẹn.
Ó di àárọ̀ Mọ́ńdè kó tó yé mi pé
ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀ fẹ́lòmíì gbé ló ń rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀.
Ilé-ìwé tì, ilé tèmi ṣí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá gbáko.
Onni ń kà á bí ẹni tó ń ka owó oṣù.
Èmi náà ń kà á. Bí ẹni tó ń ka gbèsè.

Ní Kuhmo tiwa níbí, lókè lọ́hùn-ún ní Finlandi,
òòrùn inú oṣù kẹfà ò mọ ilé lọ.
Á kàn forí bọ ẹ̀yìn igbó fírí,
bí àlejò tó ti dágbére tán tó gbàgbé fìlà,
ká tó ṣẹ́jú, ó ti padà dé.
"Touko, ó yá, lọ sùn."
"Màmá, ilẹ̀ ò tíì ṣú."
"Aago mọ́kànlá ti lù!"
"Aago lè purọ́. Ẹ wojú òde."
Mo wojú òde. Ó mọ́ kedere.
Kí lèèyàn fẹ́ bá ọmọ ọdún mẹ́rin jà sí
nígbà tó jẹ́ òòrùn fúnra rẹ̀ ni ẹlẹ́rìí rẹ̀?
Mo fi aṣọ dúdú bo fèrèsé, mo kàn án níṣòó.
Ó fìka dá a lu.
"Màmá, ìràwọ̀ ti yọ. Ṣùgbọ́n ẹyọ kan ni o,
alẹ́ ò tíì pé."

A kó lọ sílé onígi ti ìyá ọkọ mi létí adágún,
mo ní bóyá omi á jẹ́ kó rẹ̀ wọ́n.
Èmi ló rẹ̀.
Pihla lúwẹ̀ẹ́ títí ètè rẹ̀ fi di aró,
eyín rẹ̀ ń lu ara wọn kọ́kọ́kọ́:
"Ò-ò-òtútù ò-ò mú mi."
Ẹ̀fọn jẹ ẹ́ lójú mẹ́tàlélógójì.
Ó fi bírò yí wọn po lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sọ wọ́n lórúkọ.
Láàárọ̀, mo ń po kọfí lọ́wọ́:
"Màmá, Urho ń yún mi, Kerttu sì ti wú."
Mo fi ìpara pa Urho. Mo bá Kerttu kẹ́dùn.

Mo rán wọn lọ ṣa èso igbó. Korobá dé lófìfo,
ẹnu mẹ́ta dúdú bí ẹnu ẹni tó mu yíǹkì.
"Ta ló jẹ ẹ́?"
"Béárì ni," Onni wí, pẹ̀lú eyín aláró.
Ọmọ mẹ́ta, tówẹ́ẹ̀lì tútù mọ́kànlá:
ẹ bá mi ṣe ìṣirò yẹn, ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé.
Wọ́n wá jókòó sórí pákó èbúté,
adágún níwájú, igbó lẹ́yìn, ọkọ̀ ojú omi lẹ́gbẹ̀ẹ́,
wọ́n ní, "Màmá, kò sí nǹkan kan tá a lè ṣe níbí."

Jarkko ọkọ mi ní òun ń lọ la igi
tí a ó fi dáná sáúnà, ilé ooru tí a ti ń làágùn.
Wákàtí méjì, n kò gbúròó àáké.
Mo wá a lọ: ó jókòó sínú sáúnà tútù,
kò dáná, ó ń ka ìwé ìròyìn oṣù tó kọjá.
Ó wò mí. Mo wò ó.
Mo wọlé, mo ti ilẹ̀kùn, mo gba ojú ewé eré ìdárayá.
Ìṣẹ́jú mẹ́rin la fi jayé.
"Màmá! Kerttu ti bẹ́!"

Oṣù kẹjọ dé. Òòrùn wá rántí ilé rẹ̀.
Aago mẹ́wàá, òkùnkùn kùn birimùbirimù.
Mo yọ ìṣó, mo ká aṣọ dúdú;
ihò ìka kékeré yẹn wò mí, èmi náà wò ó,
n kò rán an.
Mo paná. Mo ń yọ́sẹ̀ lọ.
"Màmá?"
"Kí tún ni?"
"Ilẹ̀ ti ṣú jù. Oorun ò lè rí mi."