Kókó Okùn Eulogia

Yunifásítì méjì ló pàdé létí adágún iyọ̀ Atakámà:
Pirkko gbé ẹ̀rọ láti Fínlándì wá,
Nayaret gbé kọ̀ǹpútà láti Antofagásítà.
Wọ́n ní ayé ń fẹ́ bátìrì,
kí ọkọ̀ lè máa sáré láì tu èéfín;
bátìrì ń fẹ́ lítíọ́ọ̀mù,
lítíọ́ọ̀mù ń mumi bí ẹni tó jẹ iyọ̀ sùn.

Ìyá àgbà Eulogia kò bá wọn jiyàn.
Ó wọlé, ó mú okùn kànga jáde,
okùn irun lámà,
kókó méjìdínlógún lára rẹ̀.
"Ọdún tí omi bá ti sá wọlẹ̀ sí i, mo ta kókó kan.
Èyí, ọdún tí ọkọ mi kú.
Èyí, ọdún tí àwọn ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn ò padà wá yéyin."

Pirkko wo ẹ̀rọ, ó wo okùn,
ó wọ̀n ọ́n láti kókó dé kókó
títí ilẹ̀ fi ṣú.
Èmi awakọ̀ wọn fi fóònù ya okùn náà;
bátìrì rẹ̀ gbóná lọ́wọ́ mi.
Ojú tì mí.

Orúkọ ọ̀jọ̀gbọ́n mẹ́rin ló wà lórí ìwé tí wọ́n jọ kọ.
Nayaret ní ó ku ẹnì kan.
Wọ́n ní, yunifásítì wo ni ká kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀?
Ó ní: Kànga.