Ife Mọ́kànlá

Ní Òkè-Ṣópẹ́n, ní Ìjẹ̀bú-Igbó, lálẹ́ Sátidé,
bàbá mi á gbọn eruku pákó kúrò lára ṣòkòtò,
á ní kí a gbé bátìrì mọ́tò wọlé
kí ojú tẹlifíṣàn lè là.
Dúdú àti funfun ni. Ojú ọ̀run ìgbà náà
kò ju àwo ìkọ́kọrẹ́ lọ,
àwọn ìràwọ̀ inú rẹ̀ ń ta pàrà bí iyọ̀ nínú epo gbígbóná.

Ọkọ̀ náà ní orúkọ òyìnbó tó gùn.
Àwa pè é ní Má-Wẹ̀yìn,
torí ó ti fi ilé sílẹ̀ kí wọ́n tó bí ọ̀gá tó ń wà á,
bí ó bá sì ránṣẹ́ sílé,
ọdún mẹ́ta ni iṣẹ́ náà yóò lò lójú ọ̀nà.

Ọnàbánjọ, ẹ̀gbọ́n mi, ló ti dé kíláàsì mẹ́ta ní girama.
Òun ló ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí náà
tó ń sọ ohun tí wọ́n ń sọ fún wa:
“Ọ̀gá ní omi ku ife mọ́kànlá.
Ó ní kí ẹnikẹ́ni má fọ ẹsẹ̀.”
Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́.
“Ìjẹ̀bú ni! Ẹ wo bó ṣe ń ka omi bí olórí èsúsú.
Ọmọ ibo ni? Bi í wò.”
Ọnàbánjọ dẹ etí sí àpótí.
“Ó ní Ojówó ni ìyá òun ti wá.”

Bí ọkọ̀ náà ṣe di tiwa nìyẹn.
Ọjọ́ tí ọ̀gá àkọ́kọ́ kú,
tó dágbére fún ọkọ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, yàrá dé yàrá,
bàbá mi ò lọ síbi ìlagi lọ́jọ́ Ajé.
Ó ní ibà ni. A ò bi í ní nǹkan kan.

Ọ̀gá méje ló ti wà á látìgbà náà.
Mo ti bá àna mi jà nítorí ìkẹrin.
Nígbà tí mo kù díẹ̀ kí n fẹ̀yìn tì,
wọ́n ní kí Má-Wẹ̀yìn yí padà, kó máa bọ̀ nílé!
Iṣẹ́ ọ̀lẹ. Mo búra níwájú ìyàwó mi pé ó tán.
Ní Sátidé kejì, aago mẹ́fà,
èmi nìyẹn, mo gbé kẹ́ẹ̀gì lọ ra epo jẹnẹrétọ̀.

Lọ́dún tó kọjá ni ọmọ mi bá mi rí àwọn ti àtijọ́,
wọ́n ti fọ̀ wọ́n mọ́, ọ̀rọ̀ ń sáré nísàlẹ̀ àwòrán.
Mo wọ gíláàsì. Mo kà á.
Kò sí ife mọ́kànlá níbẹ̀.
Ẹ̀rọ kan ló gbóná jù, ni ọ̀gá ń wí.
Kò sí ìyá kankan. Ẹsẹ̀ ta ni wọ́n fẹ́ fọ̀?
Ìdágbére tó pa bàbá mi lẹ́kún,
nọ́ńbà ni, nọ́ńbà lásán, láti ogún wálẹ̀ dé oókan.

Mo pe Ọnàbánjọ ní Kánádà. Òru ni lọ́dọ̀ rẹ̀.
“Ẹ̀gbọ́n mi, irọ́ lẹ pa fún wa.”
Ó dákẹ́. Ó pẹ́ kó tó fọhùn,
mo ti rò pé ìlà ti já.
“Kíláàsì mẹ́ta,” ó wí. “Imú ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀.
Ṣé o rò pé mo gbọ́ ni?
Bàbá ń wò mí lẹ́nu. Kí ni ǹ bá ṣe?”

Tiwálọlá, ọmọ ọmọ mi, kò tíì mọ̀wé kà.
Ó jókòó sórí ìtìsẹ̀ mi, ó ń fa etí agbádá mi.
Lójú àwòrán, ọ̀gá keje, obìnrin abewú,
na ọwọ́ sí ìràwọ̀ kan, ó sọ gbólóhùn kan péré.
“Bàbá àgbà, kí ló wí?”
Mo ka ohun tí wọ́n kọ.
Mo bọ́ gíláàsì.
“Ó ní omi ti di ife méjìlá.”